Ohun Tí Mo Pa Rẹ́ Létí Ìwé Sìkírá

Lọ́sàn-án àná, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, gbé ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú kílínà tuntun kan dání, irú èyí tó funfun ní ìdajì tó sì pupa ní ìdajì. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa nǹkan tí mo kọ sétí ìwé yìí rẹ́. Bí èmi bá pa á, màá fà á ya." Mo gba kílínà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó gbé e kan ìwé, òórùn rẹ̀ ti dé imú mi, òórùn dídùn kan tó jọ ti súìtì tó ti pẹ́ nínú àpò, ọwọ́ mi sì dúró sójú kan. Ọmọ náà wò mí títí. Mo ní kó lọ bá mi bu omi mímu wá, nítorí pé n kò fẹ́ kó rí ojú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè rò pé kílínà kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà í sunkún sí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, Ẹ̀gbẹ́dá ṣì ń ṣe méjì: ó ń ṣe oko, ó ń ṣe ìlú. Ilé tuntun oníbúlọ́ọ̀kù kan á dìde, oko ẹ̀gẹ́ á tẹ̀lé e, ilé mìíràn tí wọ́n kọ́ dé ojú fèrèsé tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ewéko á tún tẹ̀lé ìyẹn. Eruku pupa ọ̀nà Ìdímù kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ ní funfun. Ilé tí a ń gbé ní yàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, kànga kan wà lẹ́yìn, igi fúrúùtù kan sì wà níwájú tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tó sì ń wọlé nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, gba yàrá méjì níbẹ̀. Àwọn tó kọjú sí wa ni ìdílé Bàbá Sìkírá, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ètè há abẹ́rẹ́ bó bá ń ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé a kì í mọ̀ bóyá inú ló ń bí i ni àbí abẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Sìkírá, ọmọ rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi. Ó kéré ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ó sì yára ju gbogbo wa lọ.

Inú kíláàsì kan náà ni a wà, kíláàsì kẹfà, ní ilé ìwé kan tí ògiri rẹ̀ kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ, tí ewúrẹ́ sì máa ń yọjú wò wá láti òde bí ẹni tó fẹ́ mọ ìdáhùn. Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ṣòkòtò tí eteetí rẹ̀ mú bí abẹ. Orúkọ wà tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwa ọmọ kò pè é ní nǹkan kan ju Tíṣà Májìnì lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ tí a bá gba ìwé tuntun, kò ní jẹ́ kí a kọ ohunkóhun sí i títí a ó fi fa margin. A ó gbé ìka méjì lé apá òsì ojú ewé, a ó gbé rúlà lé e, a ó sì fi báírò pupa fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí ewé kọ̀ọ̀kan, títí ìwé náà yóò fi parí. "Ọ̀tún ìlà yìí, tìrẹ ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Òsì rẹ̀, tèmi ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá sí ọ̀dọ̀ mi."

Ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀ yẹn ni ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí máàkì, ó máa ń kọ gbólóhùn kan sí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú margin, ohun tí kò lè sọ lójú gbogbo kíláàsì. Ó kọ sí ọ̀kan pé, "Jẹun kí o tó wá." Ó kọ sí èkejì, tí ìkọ̀wé rẹ̀ dẹ̀gbẹ́ sí apá kan, pé, "Ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nílé yín ni?" Ó kọ sí mi rí pé, "Bàbá rẹ mọ ìṣirò yìí dáadáa. Ìwọ ńkọ́?" Bí wọ́n bá dá ìwé padà fún wa, a kì í kọ́kọ́ wo máàkì. Etí ìwé ni ojú wa ń sáré lọ.

Ní sáà kejì ọdún yẹn, ó pinnu pé a ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún etí nǹkan. Ó ní àwa Yorùbá kì í fi èyí ni ara wa lára: etí aṣọ, etí odò, etí ọ̀nà, etí ìwé, etí ni gbogbo rẹ̀, bí kò bá sì jẹ́ etí, ẹnu tàbí bèbè ni. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì dà bí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ tó fún oníkálukú ní abọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé abọ́ ẹlòmíràn, ìjà dé. Ó ní kí Sìkírá gbé korobá òfìfo wá síwájú, kó fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ yí po. "Rim nìyẹn," ó wí. Ó wá ní kó pọn omi sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. "Wàyí o, omi ti dé brim." Sìkírá gbé korobá náà padà sẹ́yìn kíláàsì láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan dà, àwọn ọmọkùnrin sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Kerb, òkúta etí ọ̀nà, ló fún wa ní wàhálà, nítorí kò sí ọ̀kan ṣoṣo ní àdúgbò wa. Ọ̀nà tiwa kàn ń parí sínú koríko ni, láìsí òkúta kankan tó sọ fún un pé kó dúró. Tíṣà tò wá sí ìlà méjì, ó kó wa rìn dé Ìyànà-Ìpájà láti lọ wo kerb. A dúró tì í bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísè níbẹ̀ wò wá, ó ní, "Tíṣà, kí ló sọnù?"

"Kò sí, màmá. Kerb la wá wò."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí ẹ jókòó lé yẹn ni."

Obìnrin náà fò dìde, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun o, n ò mọ̀ pé ó lórúkọ!"

Bí a ti ń padà bọ̀, Tíṣà fi koríko tó wà láàárín ọ̀nà àti gọ́tà hàn wá, ó pè é ní verge. Ó ní a lè wà lórí verge ẹ̀rín, a sì lè wà lórí verge ẹkún. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò tíì bọ́ síbì kankan, ó ṣì lè yan èyí tó wù ú. Brink ni kò fẹ́ kí a fi ṣeré. Etí ọ̀gbun ni ti ìyẹn, ìṣísẹ̀ kan péré ló kù. Ó ní òun kò fẹ́ rí ọmọ tí yóò kọ̀wé pé òun wà lórí brink oúnjẹ àárọ̀.

Ọjọ́ tí a dé orí outskirts, ó ní ibi tí a jókòó sí gan-an nìyẹn, ibi tí Èkó ti ń tán lọ. Inú wa kò dùn sí i, nítorí olúkúlùkù wa ti fọ́nnu fún àwọn ẹbí rẹ̀ nílé pé Èkó lòun ń gbé. Ọmọ kan kùn láti ẹ̀yìn pé, "Àbí a ò sí l'Ékòó ni, sà?" Sìkírá nawọ́. "Sà, bí Èkó bá jẹ́ aṣọ, àwa ni hem. Bàbá mi ní bí wọn ò bá ṣẹ́ etí aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló máa tú." Tíṣà wò ó títí. Nígbà tí a gba ìwé wa padà lọ́sẹ̀ yẹn, mo yọjú wo margin rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, "Ìwọ yóò di olùkọ́." Mo wo tèmi. "O ṣe dáadáa" ni. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí.

Ipò tèmi ni mọ́nítọ̀ ìwé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo ń kó ìwé jọ, èmi ni mo sì ń yẹ margin wò kí wọ́n tó dé orí tábìlì. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fún mi ní kílínà, pupa àti funfun, olóòórùn dídùn, mo sì fi òwú so ó kọ́ ọrùn bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè. Bí ọmọ kan bá ya ẹyẹ tàbí da íńkì sí ọ̀dọ̀ Tíṣà, iṣẹ́ mi ni láti nù ún kúrò. Ìwé tí margin rẹ̀ bá dọ̀tí, Tíṣà kì í máàkì rẹ̀. Ẹni tó ni ín yóò sì na ọwọ́ fún pàṣán.

Ohun kan wà tí n kò mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Sìkírá obìnrin, tí kò rí ọmọ bí, ti ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun fẹ́ kí Sìkírá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Obìnrin yìí ló tọ́ télọ̀ dàgbà, òun ló sì fi í sẹ́nu iṣẹ́; kò sí ẹnu tí ó fi lè sọ fún un pé rárá. Bí a bá ti gba ìsinmi sáà kejì ni Sìkírá yóò lọ, kò ní padà wá, sáà kẹta sì ni ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Obìnrin náà ti sọ pé ìwé tó kà ti tó ọmọbìnrin. Bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ará ìta, Sìkírá sì jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn. Kò sọ ọ́ fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí télọ̀ máa ń dìde nídìí ẹ̀rọ fún bó bá ń kọjá, ẹni náà sì ni Tíṣà Májìnì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí a ó gba ìsinmi, mo jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìwé gbogbo kíláàsì lórí itan. Nígbà tí mo ṣí ti Sìkírá, mo rí i pé ó ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú margin, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà" ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo kà dé nìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pàṣán. Èkejì, tí mo ti bá ara mi jà lé lórí láti ọdún wọ̀nyí wá, ni pé inú mi dùn díẹ̀ pé olùkọ́ ọ̀la náà lè ṣe àṣìṣe. Mo bọ́ kílínà lọ́rùn. Mo nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kí ìwé má ṣe ya. Mo fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, ojú ewé náà sì mọ́ bí ìgbà tí a rà á. Mo rò pé mo gba ọ̀rẹ́ mi là.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n pín ìwé. Sìkírá kò ṣí tirẹ̀ kíákíá bí àwa yòókù. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó mí, ó wá ṣí i. Ní etí ìwé náà, ní ibi tí mo ti nù gan-an, Tíṣà ti fi báírò pupa kọ ọ́ pé, "Ó mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe é." Mo rí i tó fi ìka tọ margin náà láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, bí aláìríran tó ń wá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó pa ìwé dé.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé àpótí rẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ń lọ. Ó fún mi ní áńkáṣíìfù kan tó fúnra rẹ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀, ojú ìránṣọ rẹ̀ kéékèèké, ó dọ́gba.

"Mọ́nítọ̀," ó pè mí bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo kọ̀wé sí Tíṣà. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ bàbá mi kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìdánwò."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

"Etí ìwé mi. Ṣebí wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn nìyẹn." Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n kà á. Wọ́n sì pa á rẹ́. Kò burú ṣá."

Kílínà náà wà lọ́rùn mi. Mo fi ọwọ́ bò ó. Mo ti ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo sì mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú ilé, pé ilé Tíṣà kò jìnnà, pé mo lè sáré. Orí verge ni mo wà. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bó bá mọ̀, kò ní fẹ́ràn mi mọ́, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ojú burúkú ni yóò fi wò mí gbẹ̀yìn. Wọ́n pè é. Ó sáré lọ wọ ọkọ̀. Mo ju ọwọ́ sí i títí eruku fi bo ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ tí a wọlé sáà kẹta, mo gbé kílínà náà lọ sórí tábìlì Tíṣà, mo sì kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ti ń retí pàṣán. Kò nà mí. Ó jókòó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Kí ló kọ, ọmọ mi? Sọ gbogbo rẹ̀." N kò rí ju "Ẹ jọ̀ọ́ sà" sọ, nítorí ìwọ̀n tí mo kà nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá sí ilé wa láti bá Bàbá Sìkírá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn fèrèsé. Bàbá Sìkírá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Tíṣà, ká ní ẹ wá kó tó lọ ni, màá ti rí nǹkan dì mú. Màá ní Tíṣà ló ní kó dúró. Ní báyìí, ọmọ ti wà nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?" Tíṣà wà lórí ìdúró títí ọwọ́ rẹ̀ fi bọ́ sórí aṣọ kan tó wà lára ẹ̀rọ, ó ń fi ìka tọ etí rẹ̀, bí Sìkírá ṣe tọ ti ìwé.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí mọ́nítọ̀ ìwé mọ́. Ó sọ fún wa pé ẹni tó bá ní ohun tó ń dùn ún, kó kọ ọ́ sínú margin, ibi yòówù tó bá fẹ́. Ìwé wa dọ̀tí lọ́dún náà ju ti kíláàsì yòókù lọ, Tíṣà sì ń kà á pátá.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, mo pàdé Bàbá Sìkírá ní Ìgandò. Ó ti darúgbó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà níbẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi sọ fún Sìkírá. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "Ó ń ránṣọ, ó ti bímọ mẹ́ta. Kì í fẹ́ rí ìwé sójú mọ́. Kí lo wá fẹ́ kí n lọ tú síta, ọmọ mi?" Ó gbàdúrà fún mi, ó sì wọ ọkọ̀ Ìkòtún. N kò rí i mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ti gé igi fúrúùtù. Ẹ̀gbẹ́dá ti ní kerb, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà ṣì ń jókòó lé e láìmọ orúkọ rẹ̀. Margin ti wà lára ìwé kí a tó rà á, kò sí ọmọ tó tún ń fi ìka méjì wọ̀n ọ́n. Áńkáṣíìfù Sìkírá nìkan ni kò yí padà. Àárín rẹ̀ ti gbó, ó ti lu, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì tú.

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi gbé omi dé, mo ti wọ awò ojú mi, mo sì ti ka ohun tó kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Aunty, I don't understand number four. I am afraid to ask." Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ní àǹtí á bínú. Mo ní bí ó bá bínú, kó wá bá mi nílé. Mo fi kílínà náà sínú àpò mi.

Sìkírá, mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ rí ìwé sójú mọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ yóò ka èyí sí ọ létí. Tíṣà kò rí i. Ká ní ó rí i ni, ì bá ti wá. Èmi ni mo pa á rẹ́.